Ìka Ló Ń Ṣáájú Sípánà

Ogójì ọdún ni Bàbá Gíà fi tún gíà ọkọ̀ ṣe kó tó di ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ì bá kó ọmọ rẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé iṣẹ́ ló já ọkùnrin náà kulẹ̀. Iṣẹ́ kò já a kulẹ̀. Ojú ló ń tì í.

Kì í ṣe gbogbo gíà ló ń tún ṣe o. Ọ̀tò nìkan ni, ìyẹn gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń rí tí wọ́n á rántí lójijì pé àwọn níbi tí àwọn ń lọ. Àwo pẹlẹbẹ, òrùka, sípíríǹgì àti bọ́ọ̀lù irin tí kò tó hóró àgbàdo ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ojú ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Bí ẹyọ kan bá ṣi àyè nínú wọn, gbogbo rẹ̀ á di irin lásán. Bàbá Gíà kì í fi ojú ṣe iṣẹ́ náà, ìka ló fi ń ṣe é. Òfin kan ló fi lé gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́: ìka ló ń ṣáájú sípánà. Bóòtù yòówù tí o bá fẹ́ dè, ìka ni kí o kọ́kọ́ fi yí i wọlé, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá wà lójú ọ̀nà, á máa lọ wọ́ọ́rọ́, ìka á sì mọ̀. Bó bá gba ẹ̀bùrú, á ta kú, ìka á tún mọ̀. Ṣùgbọ́n sípánà kò mọ nǹkan kan. Òmùgọ̀ alágbára ni sípánà, ibi tí o bá darí rẹ̀ sí ló máa lọ.

Gbogbo àdúgbò ló mọ òfin yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìkánjú fọwọ́ sí ìwé tí kò tíì kà, wọ́n á ní, “Ọ̀rẹ́, fi ìka ṣáájú sípánà o.” Ohun tí àdúgbò kò mọ̀ ni pé ìka ọ̀hún ti kú.

Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti sọ fún Bàbá Gíà pé àtọ̀gbẹ ló ń bá a fínra. Ó gba oògùn, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó ń lò ó nígbà tó bá rántí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan orí ìka ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń pa iná ilé láti yàrá dé yàrá. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọwọ́ lé páìpù èéfín ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Òórùn ẹran tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òun tó máa ń fi àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ̀ ni. Ó ní ọ́ìlì òde òní ń jẹ òun lára. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Ta ló fẹ́ já àgbàlagbà nírọ́?

Ẹ̀rù ń bà á, ká má fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí wọ́n bá yọ gíà kúrò lára Bàbá Gíà, Bàbá nìkan ló kù, kò sì dá a lójú pé òun mọ ìyẹn ṣe dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni àkọ́bí rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wọ inú ọgbà. Obìnrin náà ló ń kó búlọ́ọ̀kù àti pákó fún àwọn tó ń kọ́lé, Màmá Akẹ́rù sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ọmọ mẹ́ta àti ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún un. Arúgbó ni àwọn ọmọ sọ ọkọ̀ náà. Ó ti rin kìlómítà tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, ìjókòó rẹ̀ ti ya, wáyà bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti já láti ọjọ́ tó ti pẹ́, igi kan ni Màmá Akẹ́rù fi ń há ẹ̀yìn táyà níbikíbi tó bá dúró sí. Ṣùgbọ́n Arúgbó ló ń bọ́ wọn, ó sì ń rán wọn nílé ìwé.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“Káàárọ̀, Àkọ́bí. Kí ló dé tí Arúgbó ń ké báyìí?”

“Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Tí mo bá fún un níná, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ. Tó bá wá di òkè, àfi kí n máa bẹ̀ ẹ́ bí ọkọ tó ń bínú.”

Bàbá Gíà fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Imú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó dúpẹ́ fún ìyẹn. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa ti dúdú, ó sì ń rùn bíi búrẹ́dì tó jóná. “Inú ẹ̀ ti jó,” ó ní. “Àwọn àwo inú ẹ̀ ti jẹ tán. Wọn ò lè di ara wọn mú mọ́.”

Onípáńẹ́ẹ̀lì dá sí i láti ọ̀ọ́kán. Ọ̀rẹ́ Bàbá Gíà ni, òun ló ń na ara ọkọ̀ tó tẹ̀ títí á fi tọ́, ibi iṣẹ́ àwọn méjèèjì sì kọjú síra. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bá wọn dá sí. “Ra àlòkù fún un, jàre, kí ọmọ máa lọ. Gíà tó ti rin irú ìrìn yẹn, ṣé òkú lo fẹ́ jí ni?”

“Àlòkù? Ṣé mo mọ ohun tó pa ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni?” Bàbá Gíà nu ọ̀pá náà, ó dá a padà. “Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Èyí ò tíì kú. Èmi fúnra mi ni mo máa tú u, èmi náà ni mo máa tò ó.”

“Bàbá, ṣé á yá?” Màmá Akẹ́rù béèrè. “Àwọn tó ń kọ́ ilé ìwé lórí òkè ní tí mi ò bá gbé búlọ́ọ̀kù dé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.”

“Sátidé lo máa wà á lọ.”

Bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́, ó mọ̀ pé ìlérí ńlá ni. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí kò ti tú gíà kan délẹ̀. Ó ti ń fi ọgbọ́n lé àwọn oníbàárà lọ, ó ń sọ fún wọn pé ọ́ìlì ni kí wọ́n kàn pààrọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe lé ọmọ rẹ̀ lọ?

Nígbà tí kò ti níṣẹ́ tó ń ṣe títí ọkọ̀ yóò fi yá, Màmá Akẹ́rù ń wá lójoojúmọ́. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé agbada kẹrosíìnì síwájú, ó ń fọ ohun tí bàbá rẹ̀ bá yọ. Kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà tó ti ń bá a ki ọwọ́ bọ inú gíà, nígbà tó sì pé mẹ́rìndínlógún, ó lè dijú kó sọ fún ẹ nípa fífọwọ́kàn lásán èyí tó jẹ nínú àwo méjì. Ọdún náà gan-an ni Bàbá Gíà yọ ọ́ kúrò, tó ní kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Ó ní iṣẹ́ ọ́ìlì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Òótọ́ ibẹ̀, tí kò jẹ́wọ́ fún ẹ̀dá kankan, ni pé àwọn oníbàárà ti ń béèrè ọmọ kí wọ́n tó béèrè bàbá. Ọmọ náà rán aṣọ fún ọdún mẹ́ta, kò rán èyí tó dára rí, ó sì lọ fẹ́ awakọ̀.

Wọ́n fi jáàkì gbé gíà sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n gbé e sórí tábìlì, Bàbá Gíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Àwọn àwo pẹlẹbẹ ti gbó débi pé bébà líle tí wọ́n fi bo ara wọn ti ṣí kúrò, ó ku irin lásán. Ó to gbogbo rẹ̀ sórí páálí láti apá òsì dé apá ọ̀tún, bí ó ṣe ń jáde gẹ́lẹ́, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa sún ẹyọ kan nídìí. Ó rẹ àwo tuntun sínú ọ́ìlì mọ́jú. Ó fi fasilíìnì lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́ àyè wọn kí wọ́n má bàa yí dànù. Bó bá ti parí ìdì àwo kan, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ojú ihò ọ́ìlì rẹ̀, àwọn àwo á sì pàdé, wọ́n á dún “pó” bí ẹni pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbọ́ “pó” yẹn, inú rẹ̀ á dùn bíi ti ọmọdé.

Ìgbà tí nǹkan bá kéré jù fún ojú, á kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, á gbé e sí ètè. Ètè rẹ̀ ṣì mọ nǹkan. Ètè ló fi ń mọ̀ bóyá etí òrùka mú tàbí kò mú. Màmá Akẹ́rù rí i nígbà kan.

“Bàbá, ṣé ẹ ń fẹnu ko gíà lẹ́nu ni?”

“Mo ń fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀ ni.”

“Ìbọ̀wọ́ yẹn náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ò yàtọ̀ sí ẹni tó ń jẹun látẹ̀yìn fèrèsé.”

“Ọ́ìlì òde òní ò dáa. Fọ tọwọ́ ẹ.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọ tọwọ́ rẹ̀. Kò tíì sí ìgbà tí Bàbá Gíà parọ́ fún un nípa iṣẹ́, kò sì rí ìdí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Lápá ẹ̀yìn nínú ìkòkò gíà, ìyẹn irin tó bo gbogbo rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, irin kékeré kan wà tí bóòtù méjì dì mú. Irin yìí ló ń darí eyín páàkì. Nígbà tí awakọ̀ bá fi gíà sí páàkì, eyín náà á bọ́ sáàárín eyín àgbá tó ń yí táyà, ọkọ̀ ò sì ní lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ tí wáyà bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti já, eyín yẹn nìkan ló dúró láàárín ẹrù àti ìdagẹ̀rẹ̀ títí awakọ̀ yóò fi fi igi há táyà.

Bóòtù kìíní wọlé láìsí wàhálà, torí ojú tó o. Èkejì ló wà lẹ́yìn ògiri irin. Ojú kò débẹ̀, ètè kò débẹ̀, ìka nìkan ló lè débẹ̀. Bàbá Gíà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó mú bóòtù, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bóòtù jábọ́. Ó tún mú un, ó tún jábọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rò pé òun ti dé ẹnu ihò, ó ń yí i, ó ń yí i. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, bóòtù wà lórí tábìlì. Kò tilẹ̀ mú un dání rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń yí.

Màmá Akẹ́rù dìde lórí àpótí, ó nu ọwọ́ sára àkísà.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kàn án.”

“Fi ọwọ́ kan kí ni?”

“Bóòtù yẹn. Wọ́n ṣáà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kèrègbè lẹ ń bá jà yìí.”

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ó sì ti na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ìka tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Ká ní Bàbá Gíà rẹ́rìn-ín padà, kó ní “Ó dáa, wá,” ìtàn ì bá ti tán síbẹ̀. Ká ní ó sọ pé “Ọwọ́ mi ti kú, Àkọ́bí,” wọn ì bá jọ sunkún díẹ̀, kí wọ́n sì de bóòtù. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí àwọn oníbàárà ń béèrè ló rí níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná.

“Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ta ló ń bá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́? Jókòó ti kẹrosíìnì ẹ!”

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó jókòó.

Bàbá Gíà fi fasilíìnì lẹ bóòtù mọ́ ẹnu ráṣẹ́ẹ̀tì, sípánà tó ń dún bó bá ń yí. Ó tì í wọ ibi tí ihò wà, ó yí i. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ní yíyí kejì ó ta kú díẹ̀. Ó fi agbára kún un, ó sì ń lọ.

“Bàbá, ẹ ò fi ìka bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò wo ojú bàbá rẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

“Rárá, sà.”

“Ó ti wọlé.”

Ó wọlé lóòótọ́, ó sì le. Bóòtù tó gba ẹ̀bùrú náà máa ń le, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Bàbá Gíà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, nǹkan kan nínú rẹ̀ ń sọ pé kó tú u, kó pe ọmọ náà padà. Ó ní ó dàárọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó to nǹkan mìíràn bò ó, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé bóòtù kan péré ni, èkejì rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n gbé gíà padà sábẹ́ Arúgbó, wọ́n rọ ọ́ìlì pupa tuntun sí i, Màmá Akẹ́rù sì tan ọkọ̀. Ó gbé e kiri àdúgbò. Gíà ń pààrọ̀ ara rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò fò, kò ké. Nígbà tó dé, ó dúró níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọgbà, ó fi gíà sí páàkì, ó sọ̀ kalẹ̀, òun àti Onípáńẹ́ẹ̀lì sì fi èjìká ti ọkọ̀. Kò mira.

“Páàkì yìí mú un bí ẹni mú olè,” Onípáńẹ́ẹ̀lì ní. “Bàbá Gíà, o ṣì wà ńbẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn. “Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ má bínú fún ọjọ́sí.” Òun ló tún ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá Gíà rọra fọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

Ọkọ̀ tó ṣófo ni wọ́n fi èjìká tì lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló ti ń fi ẹrù gun òkè, ìwúwo rẹ̀ sì ń fa bóòtù ọ̀hún yọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn Sátidé náà, Arúgbó ru búlọ́ọ̀kù kún ẹ̀yìn, ó gun òkè lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwé. Màmá Akẹ́rù dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó fi gíà sí páàkì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú igi rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fi há ẹ̀yìn táyà. Bóòtù náà tú nígbà yẹn, èkejì nìkan kò lè di irin náà mú, eyín páàkì sì yọ. Ọkọ̀ kò rìn jìnnà. Kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ sẹ́yìn kí òkìtì iyanrìn tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà láàárín igi àti táyà.

Onípáńẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pè lórí fóònù. Ó sáré sọdá, ó dúró níwájú Bàbá Gíà. “Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó wà láàyè. Ó wà láàyè o, gbọ́ ìyẹn ná.”

Dókítà kò lè dá ọwọ́ náà sí. Wọ́n gé e lókè ọrùn ọwọ́. Nígbà tí Bàbá Gíà wọlé tọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà dùbúlẹ̀ nínú yàrá alábẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, báńdéèjì funfun bo ibi tí ọwọ́ tán sí. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Bàbá, ẹjọ́ mi ni,” ó ní kí bàbá tó rí ìjókòó. “Mo ń kánjú. Ó ní láti jẹ́ pé mi ò fà á dé páàkì dáadáa. Bóyá orí rìfáàsì ni mo fi sílẹ̀.”

Bàbá Gíà fa aṣọ bò ó. “Sinmi, Àkọ́bí,” ó ní.

Bàbá Gíà àti Onípáńẹ́ẹ̀lì lọ fa Arúgbó wálé. Bàbá Gíà ní òun fẹ́ dá wò ó. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú àwo ọ́ìlì abẹ́ gíà sọ̀ kalẹ̀. Nínú àwo yẹn, irin òòfà kan wà tó ń mú èérún irin kó má bàa yí káàkiri. Bóòtù náà ló lẹ̀ mọ́ ọn, ìlà ara rẹ̀ ti fá ní ẹ̀gbẹ́ kan, èérún irin ihò tó ya jáde wé mọ́ ọn. Kò sí ẹjọ́ tí ọlọgbọ́n kan máa rò lórí èyí.

“Kí lo rí?” Onípáńẹ́ẹ̀lì ké láti òkè.

“Kò sí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó gbó ni. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ní ẹjọ́ òun ni, má lọ gbé ẹlẹ́jọ́ mìíì dìde.” Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Bóyá ó tilẹ̀ ti fura.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bóòtù yẹn fi wà lápò ṣòkòtò Bàbá Gíà. Bó bá ki ọwọ́ bọ àpò, kò lè mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, torí náà ó ń yọ ọ́ jáde wò ní gbogbo ìgbà: nídìí tábìlì, ní ibi ìgbọ̀nsẹ̀, lójú títì. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ ilé ìwé rìn wá sí ọgbà wá béèrè àlàáfíà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ òun ti ń sọ ọ́ kiri pé obìnrin tí kò mọ páàkì yàtọ̀ sí rìfáàsì, kí ló ń wá nídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Onípáńẹ́ẹ̀lì wo Bàbá Gíà. Bàbá Gíà wo ilẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Bàbá Gíà kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti rin ogún ọdún.

Ó wẹ ọwọ́, ó fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ṣíbí. Omi ọbẹ̀ ti kán sí i láyà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀ nígbà tó rí i.

“Ẹ káàsán, Bàbá. Mo ti rò ó. Ẹ bá mi ta Arúgbó. N ò lè wakọ̀ mọ́. Ti ọwọ́ kọ́ o, mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi ọwọ́ kan wà á. Èmi ni mi ò fọkàn tán ara mi mọ́. Ẹni tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, ọjọ́ wo ló máa pa ọmọ ọlọ́mọ?”

Bàbá Gíà kò jókòó. Ó yọ bóòtù lápò, ó wò ó kó lè dá a lójú pé òun ni, ó gbé e sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Màmá Akẹ́rù fi ọwọ́ òsì mú un. Kò wò ó. Ó dijú, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì yí i láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ó gba ẹ̀bùrú,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ti páàkì ni.” Ó la ojú. “Èyí tó wà lẹ́yìn.”

“Òun ni. O fi sí páàkì, Àkọ́bí. O fi síbẹ̀ dáadáa. Ìwọ kọ́ lo ṣàṣìṣe, èmi ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n lára? Ẹ̀yin!”

Píìnì kan wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń di báńdéèjì. Bàbá Gíà mú un lẹ́ẹ̀kẹta tó gbìyànjú, ó tì í bọ orí ìka ìtọ́ka rẹ̀ títí ó fi dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló ké “Yéè!” fún un.

“Láti ọdún méjì,” ó ní. “Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹ.”

Ọmọ rẹ̀ ń wo píìnì náà. Kò pariwo.

“Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kàn án.”

“O sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti na ọwọ́ mi, Bàbá.”

Obìnrin náà yọ píìnì kúrò lára ìka rẹ̀, ó gbé bóòtù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì pa àwọn ìka òkú náà dé lé e lórí, ọwọ́ òsì tirẹ̀ lókè. Bàbá Gíà gbé ojú lọ síbi fèrèsé nítorí omi tó kún un. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó rò pé ọmọ òun ṣì di òun mú. Nígbà tó bojú wolẹ̀, ọmọ náà ti kọjú sógiri, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà lábẹ́ aṣọ, kò sì mọ ìgbà tó fi òun sílẹ̀.